Ohun Tí Baálé Gbà Lẹ́nu Àwẹ̀ró
Ìyá Àgbà Mojèrè ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún wa, lọ́dún 1961. Àwẹ̀ró, ìyàwó ilé, kò gbọdọ̀ dárúkọ ará ilé ọkọ, ló bá sọ àbúrò ọkọ rẹ̀ tó mọ̀wé ní Àtùpà. Kò pẹ́, gbogbo agboolé ń pe ẹni tó bá gbọ́n ní àtùpà. Baálé fárígá: “O ń ba ọ̀rọ̀ àwọn baba wa jẹ́! Tún pè é bẹ́ẹ̀, kí o kó ẹrù rẹ.” Ìwọ̀sí gbáà! Lọ́jọ́ tí ìránṣẹ́ ìjọba mú lẹ́tà dé, àbúrò ọkọ tí yóò kà á wà lóko, lódìkejì odò. “Àwẹ̀ró, ké sí i!” Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ létí odò, kò fọhùn. “Ẹnu rẹ dà?” “Ẹnu ń bẹ, Bàbá. Ohun tí n ó fi pè é lẹ gbà.” Ìránṣẹ́ ìjọba kọ̀yìn, ó fẹ́ máa lọ. Baálé fúnra rẹ̀ figbe ta, orúkọ tó kọ̀ ló bọ́ sí i lẹ́nu: “Àtùpà o! Àtùpà!” Ibẹ̀ lẹjọ́ parí sí, lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Òkúdu, 1933.