Igi Tó Yẹ Èjìká Mofólúkẹ́

Mofólúkẹ́ tó ń ta jìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ kí Bàbá Àkànjí, gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń ṣe jìtá, gbẹ́ jìtá oníná fún òun. Pákó igi apá pupa kan, tó wúwo bí òkúta, wọ̀ ọ́ lójú.

"Bàbá, èyí ni kí ẹ fi ṣe gbogbo rẹ̀."

Bàbá bi í pé, "Ṣé orí ìdúró lo ti ń ta á?"

Ìbéèrè náà yà á lẹ́nu. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá so pákó náà kọ́ ọ lọ́rùn, ó ní kó kọrin. Kó tó parí ẹsẹ kejì, èjìká rẹ̀ ti tẹ̀.

"Òótọ́ ni, Bàbá. Èjìká yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi fi orin sílẹ̀."

"Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ," ni Bàbá wí.

Igi afàrà fífúyẹ́ ló fi ṣe ara jìtá náà, ó lẹ pákó apá pẹlẹbẹ mọ́ ọn lójú. Lọ́jọ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn orin púpọ̀, ó rẹ àwọn akọrin, wọ́n jókòó.

Mofólúkẹ́, tó ṣì wà lórí ìdúró pẹ̀lú jìtá lọ́rùn, ní, "Ẹ dìde, orin ṣì kù."