Ọjọ́ tí Èfìnrín Di Èémí Mú

Nígbà láéláé, nígbà tí ewéko ṣì máa ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, Èfìnrín kò ní òórùn rárá. Kò ní ẹ̀ka pẹ̀lú. Igi kan ṣoṣo ló ní, gbọọrọ bí ọ̀pá.

Ẹ̀yìnkùlé obìnrin kan tó ń jẹ́ Àyọ̀ká ló ń gbé. Àyọ̀ká fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ohun ọ̀gbìn rẹ̀ lọ. Ó ń bomi rin ín láàárọ̀, ó ń bomi rin ín lọ́sàn-án, ó tún ń bomi rin ín nírọ̀lẹ́, bí ẹni pé ẹja ló gbìn. Ìgbẹ́ adìyẹ tó kó sí i nídìí ti di òkìtì. Kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já ewé kan lára rẹ̀.

Ewúro ni aládùúgbò rẹ̀. Ní ti Ewúro, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Àyọ̀ká ń mú ọ̀bẹ tọ̀ ọ́ lọ, Èfìnrín a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n Ewúro, ẹ tún ti gẹrun lónìí?”

“Mo ti gẹ̀ ẹ́,” ni Ewúro wí. “Ìwọ náà, kí lo ń fẹ̀yìn ti ọgbà sí?”

Èfìnrín ní òun kàn ń gbatẹ́gùn ni. Irọ́ ni. Omi àti ìgbẹ́ adìyẹ ti mú kó ga, ṣùgbọ́n kò lágbára. Lọ́jọ́ kan, orí rẹ̀ ṣubú kọjá ọgbà, ó ń mì dirodiro níta. Ibẹ̀ ni Ewúrẹ́ bá a.

“Káàbọ̀ o, àbúrò,” ni Ewúrẹ́ wí.

“Mi ò wá síbì kankan. Mo kàn ń wo ìta ni.”

“Ó dáa. Máa wò ó.”

Ewúrẹ́ jẹ gbogbo ibi tí ẹnu rẹ̀ tó. Ó dúpẹ́. Ó ní ó rọ̀, ó tutù, kò ta lẹ́nu, àti pé bí ilẹ̀ bá mọ́, òun yóò gba ẹnu ọ̀nà kó àwọn ọmọ òun mẹ́ta wá, kí wọ́n jẹ ẹ́ dé gbòǹgbò.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu Èfìnrín. Ó ké pe Ewúro. Ewúro ní kó jẹ́ kí Àyọ̀ká gé e kúrú, kí ara rẹ̀ lè le. Èfìnrín béèrè pé kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí wọ́n gé òun àti kí wọ́n jẹ òun.

“Ọ̀bẹ mọ ibi tó ń dúró,” ni Ewúro wí. “Ewúrẹ́ kò mọ̀ ọ́n.”

Èfìnrín gbà, ó sì pe Àyọ̀ká pé kó wá gé òun. Àyọ̀ká ló wá di wàhálà. Kó tó gbé ọ̀bẹ ló ti ń sunkún. Ó wọlé, ó jáde. Ó ní ọ̀bẹ náà kò mú, ó lọ mú òmíràn. Ó ní èyí ti mú jù.

“Ìyá mi,” ni Èfìnrín wí, “ẹ ṣàánú mi, ẹ gé mi.”

Ó wá di èémí mú. Gbogbo ewé rẹ̀ di èémí mú pẹ̀lú. Àyọ̀ká dijú, ó sì gé e.

“Ṣé ó dùn ọ́?”

Èfìnrín kò lè fèsì. Ó ṣì di èémí mú.

Bẹ́ẹ̀ ló wà títí ilẹ̀ fi mọ́, tí Ewúrẹ́ sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ dé. Èyí àkọ́bí fẹnu kan ewé kan báyìí, ni èémí àná bá tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú òórùn tó le. Ọmọ sín. Ìyá sín. Ojú gbogbo wọn ń ṣomi.

“Èfìnrín,” ni Ewúrẹ́ wí, “kí lo jẹ?”

“Ìgbẹ́ adìyẹ ni. Ó ṣì kù, ṣé kí n bù fún yín?”

Ewúrẹ́ kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ, wọn kò bojú wẹ̀yìn.

Àyọ̀ká kó ìgbẹ́ adìyẹ kúrò, ó sì dín omi kù. Kò pẹ́, ẹ̀ka méjì yọ níbi tí ọ̀bẹ gbà. Nígbà tó tún gé méjì yẹn, mẹ́rin yọ.

Láti ọjọ́ náà ni èfìnrín ti ń fẹ́ kí a gé òun lórí kó tó pẹ̀ka dáadáa. Láti ọjọ́ yẹn kan náà ni òórùn rẹ̀ ti ń tú jáde bí ọwọ́ bá ti kàn án. Má bínú sí i. Ó rò pé ewúrẹ́ ni ọ́ ni.