Obìnrin Tí Kò Jẹ́ Ìpè: Bí Wọ́n Ṣe Tẹ Kòjẹ́pè Dó

“Omi tí mo fi orí rù láti ìdájí, ajá lẹ fún mu?”

Ohun tí Àwẹ̀ró sọ nìyẹn. Ó dúró láàárín àgbàlá, ó ń wo àmù tó ti gbẹ. Ọdẹ́yalé ọkọ rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó ń fi epo pa ọrun rẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní ajá ló ń bọ́ ilé, ó ní ajá tí òùngbẹ ń gbẹ kò lè lé ẹtu. Àwẹ̀ró ní ẹtu wo, ó ní láti ìgbà tí òjò ti kọ̀, ṣé ìrù ẹtu kan ti wọ inú ìkòkò òun. Ọ̀rọ̀ náà dun ọkùnrin yìí, nítorí pé òótọ́ ni, ó sì dìde.

“Ìwọ Àwẹ̀ró lò ń bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn? Obìnrin tí nǹkan oṣù ẹ̀ ti dá? Bó o bá gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde, ta ló máa fẹ́ ẹ?”

“Mi ò wá ẹni tó máa fẹ́ mi, Bàbá Ìbídùn. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ mi yìí tó mi.”

Ìgbà yẹn, Ìdí-Ìrà ìlú wọn ń kú lọ. Òjò ti kọ̀ láti ọdún kan bọ́ sí ìkejì. Odò ìlú ti di ojú ọ̀nà tí ewúrẹ́ ń gbà kọjá. Àwọn ọmọdé ń lá ìrì lára ewé láàárọ̀, àwọn àgbà ń gbẹ́ ilẹ̀ títí ọkọ́ fi ń kan àpáta. Omi ò sì jìnnà. Ìyẹn ló burú nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí èèyàn bá kúrò ní Ìdí-Ìrà ní ìyálẹ̀ta, kí oòrùn tó yẹ̀, á ti rí òkè dúdú kan tí omi tútù ń ṣàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ẹnikẹ́ni ò gbé ibẹ̀. Òkè Olóhùn ni wọ́n ń pè é.

Ohun tó ń gbé inú òkè náà, kò sẹ́ni tó rí ojú rẹ̀ rí. Ohùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, á pe èèyàn lórúkọ, ohùn ẹni tí olúwarẹ̀ mọ̀ dáadáa ló sì máa fi pè é: ohùn ìyá, ohùn ọ̀rẹ́, ohùn ọmọ tó ti kú. Ẹni tó bá jẹ́, á fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, á máa rìn lọ sára àpáta bí ẹni tí wọ́n ní kó wá jẹun. Wọn kì í rí ẹ̀jẹ̀, wọn kì í rí egungun. Ipa ẹsẹ̀ ni wọ́n ń rí títí dé ìdí àpáta, ti ìgbẹ̀yìn á sì jẹ́ ààbọ̀: gìgísẹ̀ á wà níta, ọmọ ìka ẹsẹ̀ á ti wọ inú òkúta lọ.

Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró lọ. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ dàrú. Obìnrin tó bá kọ ọkọ, ilé bàbá rẹ̀ ló ń padà sí, ogun sì ti sọ ilé bàbá Àwẹ̀ró di igbó láti ọjọ́ pípẹ́. Àwẹ̀ró ọmọ amọ̀kòkò, ọmọ a-bu-ilẹ̀-ṣe-ilé-omi, obìnrin gíga bí òpó ààfin, tí ẹrù ayé ò lè tẹ ọrùn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ní ìkòkò mímọ kó tó lè dá ìró ró. Ṣùgbọ́n ìdílé ọdẹ ló bọ́ sí, wọ́n sì ní èéfín ìkòkò ń lé ẹran, kò gbọdọ̀ sun amọ̀ nílé àwọn. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó fi ogún ọdún ó lé se ọbẹ̀ nínú ìkòkò tí ẹlòmíràn mọ. Lọ́jọ́ tó ń jáde, igbá, ọ̀bẹ àti ìró ara rẹ̀ ló mú. Ó ní kí Ìbídùn, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, dúró ti bàbá rẹ̀, ó ní ibi tóun ń lọ kì í ṣe ibi tí ìyá ń mú ọmọ lọ. Àwọn obìnrin ilé dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò ó. Ọ̀kan nínú wọn ní ẹ fi í sílẹ̀, ó ní bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa fi padà wá bẹ̀bẹ̀.

Ó dé ibẹ̀, ó mu omi títí ikùn rẹ̀ fi dún. Ó ki ọwọ́ bọ etí odò, amọ̀ dúdú tó kúnná bí ẹ̀kọ ló bá níbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ibi tó ti ń pò ó lọ́wọ́ ni gbogbo ẹyẹ ti dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

“Àwẹ̀ró.”

Ohùn Ọdẹ́yalé ni. Láti inú àpáta ló ti ń wá, tòun ti ikọ́ kékeré tí ọkùnrin náà máa ń wú bí oúnjẹ bá ti pẹ́. Orúnkún Àwẹ̀ró ti dìde kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ó fi ọwọ́ amọ̀ bo ẹnu, ó fi agbára jókòó padà. Ohùn náà tún pè é. Àwẹ̀ró tẹ orí ba, àwọn ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

“Ó pè mí kúrò nídìí oúnjẹ, mo jẹ́. Ó pè mí kúrò lórí ẹní àìsàn, mo jẹ́. Ọjọ́ tí mo ń sin ìyá mi, ó pè mí, mo jẹ́. Gbogbo ẹ̀ẹ́n tó wà nínú mi ti tán.”

Lẹ́yìn náà ni Olóhùn inú òkè wá fi ohùn ìyá rẹ̀ pè é. Ìyẹn le. Àwẹ̀ró bu amọ̀, ó dì í sẹ́nu, ó sunkún sínú amọ̀ títí ó fi rẹ ohùn náà. Nígbà tó tu amọ̀ náà jáde láàárọ̀, ipa eyín rẹ̀ wà lára rẹ̀.

Kò kúrò níbẹ̀. Ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bo àtíbàbà kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìkòkò. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbàgbé. Ó ń jẹun nígbà tí ebi bá pa á, ó ń sùn nígbà tí oorun bá kùn ún, ó sì ń fi amọ̀ dí ẹnu ní ìrọ̀lẹ́ bí ẹni ń jẹ oúnjẹ alẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó to àwọn orù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sun síta, àwọn ìkòkò omi ọlọ́rùn tín-ín-rín. Atẹ́gùn fẹ́ kọjá lẹ́nu wọn, ọ̀kan sì dún: hùùn. Olóhùn dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kò pè mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Láàárọ̀, orù yẹn ti là sí méjì géérégé. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, lára amọ̀ tí iná ti mú le bí òkúta, àtẹ́lẹwọ́ kan ti tẹ̀ síbẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ náà ò ní ìlà kankan.

Àwẹ̀ró wò ó pẹ́. Ó wá yé e pé nǹkan yìí ò bìkítà ẹni tó ń jẹ́, kí wọ́n ṣáà ti jẹ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń to orù yí àpáta ká, tí amọ̀ ń jẹ́ ìpè nípò èèyàn.

Àwọn tó ń wá omi kiri ló rí èéfín iná rẹ̀, wọ́n gbé ìròyìn rẹ̀ délé. Kò pẹ́ tí gbogbo Ìdí-Ìrà fi rọ́ dé, tọmọdé tàgbà, àwọn tó lágbára pọn àwọn tí kò lágbára. Baálẹ̀ ló ṣáájú. Ètè rẹ̀ ti bó. Ó kúnlẹ̀ fún obìnrin tí kì í wò lójú tẹ́lẹ̀, ó ní, “Ìyá, ẹ ṣàánú wa.” Àwẹ̀ró gun orí òkúta kan kí gbogbo wọn lè gbọ́ ọ.

“Omi kì í ṣe tèmi, ẹ mu. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ dúró, kó gbọ́ mi. Bí oòrùn bá ti ń lọ, kò sí orúkọ mọ́. Ẹ má pe ọmọ, ẹ má pe ìyàwó, ẹ má pe ajá pàápàá. Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹnì kejì rẹ̀, kó rìn lọ bá a, kó fọwọ́ kàn án. Bó bá jìnnà, kó pàtẹ́wọ́. Bí ẹ bá gbọ́ orúkọ yín, kódà kó jẹ́ ohùn ìyá tó bí yín lọ́mọ, ẹ fi amọ̀ dí ẹnu. Ẹnikẹ́ni ò ṣe baálé ilé níbí. Orù ló ń ṣọ́ wa.”

Ọdẹ́yalé wà lẹ́yìn láàárín àwọn ajá rẹ̀ tó ti rù. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò pàtẹ́wọ́ pe ìyàwó òun rí, ó dàbí ìgbà téèyàn ń ki egúngún.

“Ẹ ò ní ìyàwó níbí, Bàbá Ìbídùn,” ni Àwẹ̀ró wí, “àfi bẹ́ ẹ bá pàdé ọ̀kan lójú ọ̀nà.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín pẹ̀lú òùngbẹ lọ́fun. Ìbídùn ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀, ó ti sáré lọ dì mọ́ ìyá rẹ̀ láyà. Abẹ́ àtíbàbà ìyá rẹ̀ ló sùn lọ́jọ́ náà àti ọjọ́ gbogbo tó tẹ̀ lé e. Ó kọ́ amọ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe sọ pé orù tirẹ̀ fúyẹ́ ju ti ìyá rẹ̀ lọ.

Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n gbin ẹ̀fọ́. Àwọn ọmọdé sọ àtẹ́wọ́ di eré. Orù ń là láàárọ̀, wọ́n ń mọ òmíràn. Ó wá di ìrọ̀lẹ́ kan tí atẹ́gùn ò fẹ́ rárá.

Ọdẹ́yalé ti ìgbẹ́ dé, ẹtu wà lọ́rùn rẹ̀, àkọ́kọ́ tó pa láti ìgbà ọ̀dá. Kì í ṣe ìbínú ló mú un ṣe é, kí wọ́n má purọ́ mọ́ ọn. Inú rẹ̀ dùn ni. Ó fẹ́ kí obìnrin yẹn wá wo ìrù ẹtu. Ẹnu rẹ̀ la, ohun tó ti ń tẹnu rẹ̀ jáde láti ogún ọdún ó lé sì jáde.

“Àwẹ̀ró!”

Gbogbo ìlú dúró. Ọwọ́ Àwẹ̀ró dúró nínú amọ̀, kò jẹ́. Àwọn orù ò dún. Ìpè kejì tún dé, “Àwẹ̀ró!”, tòun ti ikọ́ kékeré yẹn, ṣùgbọ́n ẹnu Ọdẹ́yalé wà ní pípadé. Ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti inú òkúta, ẹtu sì bọ́ lọ́rùn rẹ̀.

Ìbídùn wà lẹ́yìn ilé, ó ń dán orù. Láti kékeré, bí bàbá rẹ̀ bá pe ìyá rẹ̀ tí ìyá bá pẹ́ kó tó jẹ́, òun ló máa ń yára bá a jẹ́, kí ìjà má baà bẹ́ sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ṣíwájú ọkàn rẹ̀.

“Ẹ̀ẹ́n, Bàbá. Wọ́n ń bọ̀.”

Ó gbé orù sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó nu ọwọ́, ó ń lọ. Àwẹ̀ró sáré, ó di ìró rẹ̀ mú. Ìró náà kù sí i lọ́wọ́. Ọmọ náà ò wẹ̀yìn. Ojú rẹ̀ balẹ̀ bí ojú ẹni tó fẹ́ lọ parí ìjà. Ààbọ̀ ẹsẹ̀ ló kù nídìí àpáta.

Àwọn kan ṣa òkúta láti sọ lu Ọdẹ́yalé, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Àwẹ̀ró dìde láti ilẹ̀, ìró ọmọ rẹ̀ wà léjìká rẹ̀.

“Ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá pa á, ṣé ìyẹn á dá ọmọ mi padà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ, ẹ máa lọ. Èmi ò lọ. Bí gbogbo wa bá kó lọ, ọmọ mi á kù sí ibí yìí lóun nìkan. Ẹni tó bá dúró, kó wá po amọ̀.”

Wọ́n po amọ̀. Nítorí pé atẹ́gùn lè já wọn kulẹ̀, ó pàṣẹ pé kí ẹnì kan máa fi ẹnu fẹ́ orù ní ìrọ̀lẹ́. Ọdẹ́yalé ló kọ́kọ́ gba iṣẹ́ náà. Ó ń fẹ́ orù títí ó fi kú, kò sì tún pe ẹnikẹ́ni mọ́.

Bí Kòjẹ́pè ṣe di ìlú nìyẹn. Títí di òní, bí oòrùn bá ti wọ̀ níbẹ̀, àtẹ́wọ́ lẹ máa gbọ́. Ìyàwó tuntun kì í wọlé láìgbé orù dání. Obìnrin tó bá kọ ọkọ láti ìlú yòówù, bó bá dé Kòjẹ́pè, wọ́n á fún un ní ilẹ̀ àti amọ̀, wọn ò ní bi í ní ìbéèrè. Wọ́n ń ki Àwẹ̀ró ní a-pè-é-kò-jẹ́, abiyamọ tó fi amọ̀ dí ẹnu kí ilé ayé lè rójú. Láti ọjọ́ tí Ìbídùn ti wọ inú òkúta lọ, ohùn kan ṣoṣo ni Olóhùn ń lò, ohùn ọmọbìnrin tó ń sọ pé, “Ìyá mi.” Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ni Àwẹ̀ró ń gbọ́ ọ títí ó fi darúgbó, kò jẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ yìn ín nìyẹn, ó sì tọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n nínú ìjà tọkọtaya yẹn, Ìbídùn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Òun ló san gbèsè rẹ̀.