Ọkùnrin tí ó ń Bá Oníbàárà Ṣọ́ Àgbò Iléyá

Ọkùnrin kan wà ní ọ̀nà Ìsẹ́yìn, ní ìlú Ọ̀yọ́, tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju kí ó ta àgbò Iléyá. Bàbá rẹ̀ ló fi iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́, pẹ̀lú ọgbà kan tí wọ́n fi pákó yí ká. Àwọn mẹ́sàn-án mìíràn ń ta àgbò lójú ọ̀nà kan náà. Èmi ń ta èèpo ẹ̀wà fún gbogbo wọn, nítorí náà ohun tí mo fojú rí ni mò ń sọ.

Bí wọ́n ṣe máa ń tà á nìyí. Bí Iléyá bá ku oṣù kan, oníbàárà á dé. Á fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn àgbò, á la ẹnu rẹ̀ wo eyín, á ná an, á ní, "Mo ń bọ̀." Kò ní padà wá. Àwọn alágbò kì í sì í pè é. Wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ ó máa lọ. Bó bá ku ọ̀la kí á dúńbú, òun fúnra rẹ̀ á sáré wá, iye tí a bá pè ló máa san." Ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo wọn ń dúró dè.

Ní ọdún kan, ọjọ́ ọ̀hún dé, òjò bá a dé, ọkọ̀ méjì sì tún já àgbò sílẹ̀ láti Òkè Ọya. Àgbò wá pọ̀ ju èèyàn lọ. Mọ́kànlá ni ọkùnrin yìí dà padà sílé. Ẹran tí kò tà kì í gbààwẹ̀. Wọ́n jẹ, wọ́n tún jẹ, títí ìyàwó rẹ̀ fi ní, "Èmi ò lè máa bọ́ ọmọ mẹ́rin kí n tún máa bọ́ oníwo mọ́kànlá." Ẹ̀gbọ́n ìyàwó bá a wá iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ní Èkó. Ọkùnrin náà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbìyànjú Iléyá kan péré sí i. Bí ọjà kò bá yá, òun á ti ọgbà bàbá òun pa, òun á gba Èkó lọ.

Iléyá tó tẹ̀ lé e ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Obìnrin tíṣà kan ti wá ná àgbò funfun kan lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kẹta, ó di okùn rẹ̀ mú, ó mí kanlẹ̀, ó fi í sílẹ̀.

Ọkùnrin náà ní, "Tíṣà, ṣé owó ló wọ́n ni?"

"Owó kọ́, bàbá. Owó rẹ̀ wà nínú báàgì mi yìí. Yàrá kan ni mò ń gbé. Onílé wa ò fẹ́ gbọ́ ohùn adìẹ, ká má tíì sọ ti àgbò. Ibo ni n ó so ó mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Láti ayé bàbá rẹ̀, kò sí alágbò kan tó bi oníbàárà ní ìbéèrè yẹn rí. Owó ni gbogbo wa rò pé ó ń dí wọn lọ́wọ́. Ìlú ti yí padà, àgbàlá ti tán, síbẹ̀ wọ́n ń tajà bí ẹni pé gbogbo ilé ṣì ní ẹ̀yìnkùlé.

Ó ní, "Rà á lónìí, ní iye tòní. Kí ó máa gbé ọ̀dọ̀ mi. Èmi ni n ó máa fún un lóúnjẹ. Láàárọ̀ ọdún, kí o tó ti Yídì dé, á ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ."

Tíṣà ya etí ìborùn rẹ̀ aláwọ̀ ewé, ó so ó mọ́ àgbò náà lọ́rùn, ó sanwó, ó lọ.

Ẹ wá gbọ́ ẹ̀rín. Alágbò kan wà ní òdìkejì títì tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Ó pariwo: "Ẹ wá wò ó o! Ọ̀gá ta àgbò, àgbò ò lọ! Jẹ́léósinmi ló ṣí! Ọ̀gá, ìgbà wo lẹ fẹ́ kọ́ wọn ní ABD?"

Kí ọjọ́ mẹ́rin tó pé, àwọn tíṣà ẹgbẹ́ obìnrin náà ti so aṣọ mọ́ àgbò mẹ́fà. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò rò tẹ́lẹ̀ wá ṣẹlẹ̀: wọ́n ń wá kí àgbò wọn. Ọmọ wọn ń bá wọn wá, pẹ̀lú èèpo iṣu nínú ọ̀rá. Aládùúgbò ń tẹ̀ lé wọn wá wòran. Ẹni tó bá wòran, á bèèrè. Nígbà tí Iléyá fi ku ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ọrùn tí kò ní aṣọ nínú ọgbà náà, àfi ti àgbò oníwo ńlá kan tí ó fi sílẹ̀ fún ilé ara rẹ̀. Àwọn alágbò yòókù ṣì jókòó, wọ́n ń dúró de ọjọ́ wọn.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún, àgbò funfun tíṣà kò dìde láàárọ̀. Inú rẹ̀ wú gbandi. Kò tó ọ̀sán tó fi kú. Gàrí gbígbẹ lẹ̀ mọ́ irun ẹnu rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ọwọ́ tó ti wá. Ọmọ tíṣà, ọmọbìnrin ọdún méje, ló bu gàrí wá nírọ̀lẹ́ àná, ó rò pé oore ni òun ń ṣe é. Ẹran náà jẹ ẹ́ tán, ó mu omi lé e, gàrí bá wú nínú rẹ̀.

Ẹlẹ́nu mímú sọdá wá. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ìmọ̀ràn ló mú wá.

"Ọ̀gá, èyí ò le. Ó ti ra ẹran rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló pa á. Ẹ pè é, ẹ fi gàrí hàn án, ó parí."

"Ta ló gba àgbò ṣọ́, ọmọ náà àbí èmi?"

"Ṣé ẹ̀yin lẹ fún un ní gàrí ni?"

"Èmi ni mo kọ ẹ̀yìn sí i nígbà tó ń jẹ ẹ́."

Ó bu omi, ó nu ẹnu òkú àgbò náà mọ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó nu ẹnu òkú ẹran. Lẹ́yìn náà ló tó ránṣẹ́ pe tíṣà wá. Ó ní, "Ẹran rẹ kú. Ọwọ́ mi ló kú sí." Ó tú aṣọ aláwọ̀ ewé náà, ó so ó mọ́ àgbò oníwo ńlá tirẹ̀. "Tìrẹ nìyí báyìí." Tíṣà ní kí àwọn jọ pín àdánù náà. Kò gbà.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Àwa ńkọ́? Kí la fẹ́ pa?"

"Olúwa mọ̀."

"Olúwa mọ̀. Ìwọ ni mò ń bi."

Ẹnu ẹlẹ́nu mímú kò gba ọ̀rọ̀ dúró. Lọ́jọ́ kejì ó rí tíṣà, ó ní, "Òmùgọ̀ ni ọkùnrin yẹn o! Ọmọ ẹ ló fi gàrí pa àgbò, òun ń bá ẹran fọ ẹnu." Ó rò pé yẹ̀yẹ́ ni òun ń ṣe. Tíṣà gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìwé, ó gbé e dé àsálátù. Kó tó di ọ̀túnla, àwọn èèyàn ti ń fi aṣọ lọ́wọ́ wá bá ọkùnrin náà, kò sì ní àgbò kankan mọ́. Ó sọdá títì, ó ń ra tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń tà. Ọjọ́ tí wọ́n ń dúró dè dé lóòótọ́, òun ni wọ́n tà fún.

Láàárọ̀ ọdún, òun àti ìyàwó rẹ̀ fa àgbò láti ojúlé dé ojúlé, kò sí èyí tó pẹ́. Èyí tí ó pa fún ilé ara rẹ̀, àṣẹ́kù ọwọ́ ẹlẹ́nu mímú ni. Ó kéré. Ìyàwó rẹ̀ ní òun ti rí adìẹ tó jù ú lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè láti Èkó, òun ló gba fóònù: "Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ mi ò ráyè."

Mo ti tajà ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Mo ti rí ọlọ́jà tí ó mọ̀wé, mo ti rí èyí tí ó lówó. Ojú mi kò tíì rí èyí tí mo bọ̀wọ̀ fún tó ọkùnrin yìí.

Ìwọ ńkọ́? O to bàtà ọmọdé sílẹ̀ de Kérésìmesì, ò ń sunkún fún mi pé ọjà ò yá. O ti kọ ẹ̀dínwó sí páálí. O ti kọrin, o ti patẹ́wọ́. Ṣé o ti bi ẹnì kan ṣoṣo rí ohun tí kò jẹ́ kó rà? Bóyá ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ní abúlé ni ọmọ rẹ̀ wà, tí kò mọ bí ẹsẹ̀ ọmọ náà ti gùn tó báyìí. Gba ìyọnu yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Sọ fún un pé bí bàtà ò bá wọlé, kó dá a padà lẹ́yìn ọdún, wàá pààrọ̀ rẹ̀. Kó o sì pààrọ̀ rẹ̀ lóòótọ́, lọ́jọ́ tó bá dùn ọ́ gan-an, láìfajúro, láìbi í ta ló fi wọ inú ẹrẹ̀.

Obìnrin tó mú bàtà pupa wò, tó tún dá a sílẹ̀ níwájú rẹ láàárọ̀ yìí, o mọ ilé rẹ̀. Kí lo tún jókòó ṣe?