Ẹ Kú Àlejò o, Bàbá

Olóyè Gbọ́lágúnte kì í fẹ́ kí ẹsẹ̀ àjèjì tẹ ọgbà rẹ̀ ní etí ọ̀sà Èkó. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́bẹ̀, olè ni. Ibẹ̀ gan-an ni Wúràọlá àti Láníhùn ọkọ rẹ̀, tí wọ́n ti Ìpetumodù wá wo ìlú, ti ń ya fọ́tò nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ́ wọn lọ síwájú Olóyè àti àwọn àgbà ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ẹ dárúkọ ẹni tó gbà yín lálejò síbí," ni Olóyè wí, "àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àgọ́ ọlọ́pàá lẹ ó sùn." Bẹ́ẹ̀ wọn ò mọ ẹnì kankan l'Ékòó. Láníhùn ti dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Wúràọlá ò bẹ ẹnikẹ́ni; ó rọra kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àlejò o, Bàbá." Ẹnu tí wọ́n ti kọ́ ní èsì ìkíni láti kékeré kò dúró ronú. "O ṣé o, ọmọ mi," ni Olóyè dáhùn. Wúràọlá bá yíjú sáwọn àgbà: "Ẹ gbọ́ o! Ta ni olè wọlé tọ̀, tí wọ́n kí i kú àlejò, tó dúpẹ́? Ẹni tó gbà wá lálejò rèé." Ẹ̀rín pa àwọn àgbà. Ọ̀kan ní, "Olóyè, omi àlejò dà?" Olóyè fúnra rẹ̀ ló ya tọkọtaya náà ní fọ́tò. Fọ́tò náà wà lára ògiri wọn n'Ípetumodù; bí wọ́n bá bi Láníhùn pé ta ló gbà wọ́n lálejò l'Ékòó, á ní, "Ẹnu ìyàwó mi ni."