Ọkọ̀ Tí Ṣówándé Fi Ta Káàdì

Ní ìlú kan létí ọ̀sà, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ṣówándé. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ẹfúnyẹmí, ni wọ́n jọ jogún ọkọ̀ ojú omi kan lọ́wọ́ ìyá wọn. Èrò ni wọ́n fi ń gbé sọdá, ibẹ̀ ni oúnjẹ wọn sì ti ń wá.

Ṣówándé fẹ́ràn káàdì. Èyí tí wọ́n ń ta ní èbúté kò le: ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú káàdì kan, kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn rí i. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga jù ló ni gbogbo ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù bá bà lè jáwọ́, ṣùgbọ́n ohun tó gbé kalẹ̀ ti lọ nìyẹn. Bí káàdì Ṣówándé kò tilẹ̀ dára, ohun ńlá ni yóò gbé kalẹ̀, yóò wá tẹjú mọ́ ẹni tó ń bá a ta títí onítọ̀hún yóò fi jáwọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì máa ń bá ta.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, agégẹdú mẹ́ta kó gẹdú wọn gúnlẹ̀: tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, àti àgbàlagbà kan, Bàbá Ṣórẹ̀mí. Wọ́n ní àwọn yóò bá a ta á.

Ẹfúnyẹmí ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹnì kan lo mọ̀ ọ́n dẹ́rù bà. Mẹ́ta nìwọ̀nyí o."

"Ẹ má ṣèyọnu, ẹ̀gbọ́n mi. Bí ẹ̀rù ṣe ń ba ẹnì kan náà ló ń ba mẹ́ta."

Kò pẹ́ tí àwọ̀n rẹ̀ fi lọ, agbádá rẹ̀ tẹ̀lé e. Ó mú káàdì mìíràn, èjì ni. Ó ní, "Mo fi ọkọ̀ yẹn lé e. Ẹni tó bá fẹ́ dúró, kó fi gbogbo gẹdú rẹ̀ lé e."

Ó tẹjú mọ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n jáwọ́. Àbúrò jáwọ́, bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Ṣórẹ̀mí, tó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ Ṣówándé, ní, "Gbogbo gẹdú mi wà níbẹ̀. Ṣí i."

Èjì. Bàbá ṣí tirẹ̀: ẹ̀ta.

Àbúrò ń wo mẹ́wàá rẹ̀ bí ẹni rí òkú. Ṣówándé ní, "Ẹ̀ta lẹ fi dúró, Bàbá?"

"Kì í ṣe káàdì ni mo wò. Àwọn méjì lò ń ṣọ́, o gbàgbé mi. Láti ìgbà tí o ti dárúkọ ọkọ̀ ni orúnkún rẹ ti ń gbọ̀n. Ẹnu rẹ tan àwọn yẹn, ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ, ara rẹ sì sọ fún mi."

Ẹfúnyẹmí kò tíì gbé igbá omi sílẹ̀. Ó ní, "Ìdajì rẹ̀, tèmi ni."

"Mo gbọ́, ìyá," ni Bàbá wí. "Èèyàn kì í fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ta. Ìdajì tirẹ̀ ni mo jẹ."

Lọ́jọ́ kejì, Ṣówándé wọ ọkọ̀ náà láti sọdá. Ẹfúnyẹmí na ọwọ́ sí i fún owó ọkọ̀, bó ṣe nà án sí àwọn èrò yòókù.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà etí ọ̀sà fi ń sọ ọ́ di òwe pé: ẹni méjì kì í pàdánù irọ́, bí ẹni tí à ń pa á fún kò bá mọ̀, ẹni tó ń pa á mọ̀.