Káàdì Tó Ju Jẹnẹrétọ̀ Lọ

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, àmọ́ ta ló máa sọ ọ́ fún Oyèkànmí, onífọ́tò ìlú Ìkìrun? Ṣọ́ọ̀bù kan náà lòun àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ń lò. Ọkọ ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà, ìyàwó ń ṣe irun, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan ló sì ń fún wọn níná.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà ń falẹ̀, Oyèkànmí lọ wá káàdì tí wọ́n ń fi sínú kọ̀ǹpútà, tí yóò máa bá a gbé àwòrán. Ẹni tó ń tà á fi kékeré kan hàn án.

“Èyí ti tó iṣẹ́ fọ́tò. Àwọn tó ń gbá géèmù ló ni ńlá yìí, ó sì ń jẹ iná púpọ̀.”

“Ṣé ọmọdé ni mí nídìí iṣẹ́ yìí ni?” Ńlá ló gbé wálé.

Lọ́jọ́ kejì, Àwẹ̀ró gbé dráyà lé ìyá kan lórí, ọmọ ìyá náà ń ṣègbéyàwó lọ́jọ́ yẹn. Bí Oyèkànmí ṣe tan kọ̀ǹpútà, tí káàdì ńlá náà jí báyìí, jẹnẹrétọ̀ húkọ́, ó sì kú. Wọ́n tún un tàn, ó tún kú. Ìyá fi gèlè bo irun tútù, ó ń pòṣé lọ.

Oyèkànmí ò lè gbójú sókè.

“Bàbá Dìmẹ́jì, ẹ lọ fi ńlá yìí pààrọ̀ kékeré yẹn,” ni Àwẹ̀ró wí, ẹ̀rín ń pa á. “Nígbà tí mo fẹ́ lọ́kọ, ṣebí ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan ń lé mi kiri? Ẹ̀yin ni mo mú.”

Oyèkànmí ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. “Àwẹ̀ró, ṣé èmi ni káàdì kékeré yẹn ni?”

“Ẹ̀yin ni. Látọjọ́ tí mo ti fẹ́ yín, iná mi ò kú rí.”